Ó Le Kú, Ìjà Ọ̀rẹ̀

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ gbólóhùn yẹn. Bí tọkọtaya bá ń jà níta gbangba, ẹnìkan á ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì bá wọ̀yá ìjà, á tún jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò sùn ní Ọ̀rẹ̀ rí. Wọ́n kàn sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tó ń ti Èkó lọ sí Benin, wọ́n jẹun, wọ́n tún wọlé ni. Ìlú oríta ni, òun náà sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Ọ̀nà Òǹdó wọ̀ ọ́, ọ̀nà Okitipupa wọ̀ ọ́. Ará Òǹdó, Ìkálẹ̀, Ìgbò, Urhobo, gbogbo wọn ló ń ṣòwò níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí Nàìjíríà ń rò, ẹ lọ dúró nídìí tábìlì ìwé ìròyìn ní Ọ̀rẹ̀, láàárín àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á jà lórí owó epo, wọ́n á jà lórí PDP àti APC, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí Biafra. Ẹ wá dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin sílẹ̀, ìjà á parí. Kristẹni á máa mi orí, Mùsùlùmí á máa mi orí. Báwo ni gbogbo wọn ṣe fẹnu kò báyìí? Ta ló sì kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìjà Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ná. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọrí sí Èkó. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n dé tí wọn ò lè kọjá mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun Murtala Muhammed ti gba Benin padà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1967 kan náà, ọjọ́ 13 péré kí wọ́n tó sọdá odò, òfin tuntun jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí ọkùnrin méjì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 21 bá bá ara wọn lò nínú yàrá wọn, tí àwọn méjèèjì fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin mọ́. Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì jù nù lóṣù Keje yẹn ló kù sọ́wọ́ wa. Ìwọ̀-Oòrùn ń lò ó, Ìlà-Oòrùn ń lò ó kí ogun tó dé. Àwọn tó ń yìnbọn síra wọn ní Ọ̀rẹ̀ ò jọ fẹ́ àsíá kan náà, ṣùgbọ́n abẹ́ ìwé òfin kan náà ni wọ́n ti dàgbà.

Ìwé òfin ọ̀hún, ọjọ́ orí rẹ̀ jìnnà. Ọba Henry Kẹjọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1533, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀ títí di 1861. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pín ayé, wọ́n gbé e káàkiri bí ẹni ń gbé àpótí ẹrù. Samuel Griffith kọ ìwé òfin ọ̀ràn fún Queensland, ní Ọsirélíà, ó sì di òfin níbẹ̀ lọ́dún 1899. Ìwé yẹn ni wọ́n wò kọ tiwa. Lugard lò ó ní Òkè Ọya lọ́dún 1904, nígbà tó di 1916 ó ti kan gbogbo Nàìjíríà. Abala 214 ló wà: ẹni tó bá bá ènìyàn lò lọ́nà tó lòdì sí ìṣẹ̀dá, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 217 ní ọkùnrin tó bá hùwà àìtọ́ pẹ̀lú ọkùnrin, ọdún 3. Kò sí ìgbìmọ̀ ìlú kan ní Odígbó, ní Òǹdó tàbí ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n pè kí wọ́n wá jókòó lé e lórí. Ọdún 14 yẹn, ará Ọsirélíà ló kà á fún wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo ń sọ àsọdùn, kó lọ wo Kétu. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sórí ilẹ̀ wa, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn ìlú méjèèjì. Faransé ní tiwọn ti yọ irú òfin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn láti 1791. Títí di òní, orílẹ̀-èdè Benin ò ní òfin tó ń fi àgbàlagbà sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Nàìjíríà ní. N kò sọ pé inú àwọn ará Kétu dùn sí i ju tiwa lọ o. Oríkì kan náà la jọ ń kì, òrìṣà kan náà la jọ ń bọ, òfin ló yàtọ̀, ohun tó sì fà á ni èdè tí ajẹ́lẹ̀ kálukú ń sọ. (Togo, tí Faransé jọba lé lórí náà, ṣe òfin tirẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nítorí náà kì í ṣe pé Faransé jẹ́ oògùn.)

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n sọ ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe, mo gbọ́. N kò ní purọ́ mọ́ ìtàn. Mi ò rí i níbì kankan pé Yorùbá ń so yìgì fún ọkùnrin méjì. Ìdílé méjì ló ń fẹ́ra wọn nílẹ̀ wa, ọmọ ni wọ́n sì ń wojú Ọlọ́run fún. Àmọ́ èdè wa ò kúkú gba ọ̀nà tí ìwé òfin gbà. Ọkọ kì í ṣe ọkùnrin. Ẹ bi ìyàwó ilé èyíkéyìí. Ọmọbìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ jáde láti inú ilé kan náà, ọkọ rẹ̀ ni. Kódà kó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìyàwó á fún un lórúkọ, á máa pè é ní ọkọ mi, kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni adóṣù Ṣàngó, ọkùnrin gìrìpá, á dirun bí obìnrin, wọ́n á sì pè é ní ìyàwó òrìṣà. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó akọ sí akọ o, kí ẹnìkan má lọ gbé e lọ sí kóòtù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tí òfin bá kọ “ọkọ” àti “ìyàwó” lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ní àṣà Yorùbá ló ń gbèjà, ó yẹ ká bi àṣà náà léèrè ná.

Àwọn Ìgbò mọ ìṣòro yìí. Obìnrin tó bá lówó tí kò bímọ lè san owó orí obìnrin mìíràn, kí ọmọ tó bá bí máa jẹ́ orúkọ ilé rẹ̀. Ifi Amadiume kọ ìwé ńlá lé e lórí lọ́dún 1987. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1976, ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ nínú ẹjọ́ Meribe àti Egwu. Àwọn adájọ́ ní obìnrin náà kàn fẹ́ ìyàwó fún ọkọ rẹ̀ ni, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé obìnrin fẹ́ obìnrin lóòótọ́ ni, àwọn ò ní gbà á. Èmi fẹ́ràn ẹjọ́ yìí nítorí ó hàn níbẹ̀ pé ara adájọ́ ò balẹ̀.

Ká wá sí ti òṣèlú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006 ni Bayo Ojo, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Obasanjo, gbé àbádòfin kan wá pé kí wọ́n fi ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo sẹ́wọ̀n ọdún 5. Ta ló ní òun fẹ́ ṣe é? Kò sẹ́ni tó wá sí kóòtù kankan wá béèrè. Òkè òkun ni iná ti ń jó. Netherlands ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, Canada àti Spain tẹ̀ lé e lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ South Africa sì sọ tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìjọ Áńgílíkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya sí méjì láti 2003, nígbà tí wọ́n fi Gene Robinson joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà, ọmọ Ẹ̀gbá, Peter Akinola, sì ni olórí àwọn tó kọ̀ ọ́. Ó gbè sẹ́yìn àbádòfin náà. Nílé pẹ̀lú, lọ́dún 2004, Bisi Alimi ti sọ lórí tẹlifíṣọ̀n NTA, lórí ètò Funmi Iyanda, pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ Yorùbá rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2007 (ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, bẹ́ẹ̀ ni!) ni Ilé Aṣojú-ṣòfin gbọ́ tẹnu aráàlú. Àwọn tó tako àbádòfin náà wá sọ tiwọn lójú gbogbo ayé. Ìjọba Obasanjo kógbá sílé, àbádòfin náà sì kú.

Ó jí lọ́dún 2011. Lọ́tẹ̀ yìí Sẹ́nétọ̀ Domingo Obende láti Edo, ẹgbẹ́ ACN, ló gbé e wá, ilé tí PDP pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá. Ní oṣù Kẹwàá, David Cameron ti halẹ̀ pé àwọn lè dín owó ìrànwọ́ kù fún orílẹ̀-èdè tó bá ń fìyà jẹ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, kò sí ohun tó ran àbádòfin náà lọ́wọ́ tó ìhàlẹ̀ yẹn. Ta ni olóṣèlú Nàìjíríà tó fẹ́ kí wọ́n ní òyìnbó ló fi òun sápò? Ilé kejì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Jonathan sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014. Ọdún 5 ti di 14, iye tí Griffith kọ gan-an. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, tàbí tí ó fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10. Wole Soyinka wà lára àwọn díẹ̀ tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Buhari gorí oyè lọ́dún 2015, APC gbàjọba, òfin ò mì.

Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ wa, àwọn náà ń jà. Bill Clinton, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ló buwọ́ lu òfin 1996 tó ní ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni ìjọba Amẹ́ríkà á kà sí tọkọtaya. Obama kò fara mọ́ ọn lọ́dún 2008, ó yí ohùn padà lọ́dún 2012. Nígbà tí Cameron gbé tirẹ̀ lọ sílé aṣòfin ní oṣù Kejì ọdún 2013, 400 dìbò fún un, 175 takò ó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó takò ó sì pọ̀ ju àwọn tó tì í lẹ́yìn lọ. Ohun tó dun mi nìyẹn, pé wọ́n jà á lójú ara wọn. Ní tiwa, iléeṣẹ́ Pew bi àwọn ọmọ Nàìjíríà léèrè lọ́dún 2013, 98 nínú 100 ní kí àwùjọ má gbà wọ́n. Ohùn àwọn tó ṣẹ́kù, abẹ́ òfin ọdún 10 ló wà. Lóṣù Keje ọdún 2024, tí ariwo ta pé ìjọba Tinubu ti buwọ́ lu àdéhùn Samoa, ìjọba ní kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn alátakò ní ó wà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé bó bá wà ńkọ́.

Ẹ wá wo àwọn tí òfin ìgbéyàwó yìí mú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, l'Ékòó. Àwọn ọkùnrin náà ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Ọlọ́pàá gbé 47 lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n fìfẹ́ hàn síra wọn ní gbangba. Kò sí ìyàwó, kò sí ọkọ, kò sí òrùka nínú ìwé ẹ̀sùn. Ọdún méjì ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n fi bọ̀, tí ojú wọn ti jáde nínú ìwé ìròyìn, tí ará àdúgbò ti mọ̀ wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó da ẹjọ́ náà nù nítorí pé agbẹjọ́rò ìjọba ò wá, ẹlẹ́rìí ò wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, wọ́n tún kó ènìyàn tó ju 60 lọ ní Ekpan, lẹ́bàá Warri. Wọ́n ní ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe, wọ́n tò wọ́n síwájú kámẹ́rà, wọ́n sì gbé e sórí Facebook ní ojú ẹsẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n mú ní àfihàn aṣọ lòun wá fún. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó rí béèlì gbà. Mọ́tò Èkó sí Warri, ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ló ń gbà.