Irinṣẹ́ Ẹ̀kọ́ àti Ẹni Tí Yóò Lò Ó: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa Nípa Àtúnṣe Áàpù Ìkọ́ni



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí áàpù, ìyẹn àwọn ètò tí a ń gbé sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà kí ènìyàn lè fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kíkà àti kíkọ ni iṣẹ́ wa, kò sì sí ìgbà kan tí kíkà àti kíkọ kò nílò irinṣẹ́. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì jẹ́ irinṣẹ́. Ìwé A-B-D jẹ́ irinṣẹ́. Àkọtọ́ pàápàá jẹ́ irinṣẹ́. Nígbà tí a bá tún irinṣẹ́ ẹ̀kọ́ ṣe, àwọn kan a jèrè, àwọn mìíràn a pàdánù. Èrò mi ni pé ìbéèrè kan ló máa ń pinnu bí àtúnṣe bẹ́ẹ̀ yóò ti yọrí: ta ni a fi ṣe òṣùwọ̀n? N óò gba ọ̀nà méjì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan gba ilẹ̀ Faransé kọjá, èkejì sì gba ilé wa níhìn-ín.

Ìwé Àwọn Afọ́jú ní Ìlú Paris

Ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Valentin Haüy dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Paris. Ó tẹ ìwé tí lẹ́tà inú rẹ̀ yọ sókè, kí ọmọ lè fi ìka tọ ìlà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àánú ni, iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni pẹ̀lú, nítorí ó fi hàn pé afọ́jú lè kàwé. Àmọ́ lẹ́tà tí a dá fún ojú ni Haüy gbé fún ìka. Ìwé náà tóbi, ó wúwo, kíkà rẹ̀ sì falẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kà, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀nà náà kọ̀wé fúnra rẹ̀. Olójú ni a fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ní 1821, ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ṣe ọ̀gágun, Charles Barbier, gbé ọ̀nà mìíràn wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó pa ìlà lẹ́tà tì, ó sì fi kókó kéékèèké tó yọ lórí ìwé rọ́pò rẹ̀. Ìlọsíwájú ńlá nìyí, nítorí kókó yá ìka lára ju ìlà lọ, afọ́jú sì lè fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó tó wà fún àmì kan lè tó méjìlá, orí ìka kan ṣoṣo kò sì lè kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró ọ̀rọ̀ ni àwọn àmì náà dúró fún, kì í ṣe lẹ́tà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ti àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni Louis Braille, tí a bí ní 1809 ní Coupvray. Irinṣẹ́ bàbá rẹ̀, ẹni tí ń fi awọ ṣe ohun èlò ẹṣin, ló gún un lójú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1819. Nígbà tó fi máa di 1824, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó ti dín kókó méjìlá kù sí mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Mẹ́fà yìí ni orí ìka lè bò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bí àmì 63, èyí tó tó fún lẹ́tà, fún nọ́ńbà àti fún orin. Ó tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1829. Àwọn baba wa sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀. Àgbà méjì ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà lójoojúmọ́ ló rí ibi tí àléébù wà.

Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà kò tètè gbà á. Ní àwọn ọdún 1840, àwọn aláṣẹ rẹ̀ fòfin dè é fún ìgbà díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lò ó lábẹ́lẹ̀. Ìdí tí àwọn olójú fi kọ̀ ọ́ kò ṣòro láti mọ̀: olùkọ́ tó ríran kò lè kà á bí kò bá kọ́ ọ. Ní 1854 ni a tó fi òǹtẹ̀ lù ú, nígbà tí ẹni tó ṣe é ti kú láti 1852.

Àkọtọ́ Wa

Ẹ jẹ́ kí a wálé. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1875, ìpàdé àwọn ìjọ wáyé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Àkọtọ́ yẹn bí ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, àwọn olùkọ́ rí i pé ó ń da ọmọdé láàmú. Ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e ní 1966, ìjọba sì fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. "Aiye" di "ayé". "Enia" di "ènìyàn". "Nwọn" di "wọ́n". "Yio" di "yóò". Ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ báyìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé ni a fi ṣe òṣùwọ̀n, ohun tó sì dára nìyẹn.

Àtúnṣe kan kì í sì í lọ láìgba owó orí. Àwọn àgbà tó ti mọ Bíbélì wọn lákọtọ́ àtijọ́ di ẹni tí a ń sọ fún pé wọn kò mọ̀ ọ́n kọ, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìlú bí Oshogbo àti Shagamu ṣì wà lára pátákó títí di òní. Ẹni tó bá ń tún irinṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tí ti àtijọ́ ti mọ́ lára.

Ìṣòro kejì ni ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì kò ní àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ, kò sì ní àmì ohùn lórí wọn. Àwọn akọ̀wé a máa yọ ìwé jáde, wọn a sì fi báírò fi àmì sí i. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, wọn a fi í sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Báyìí ni ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣe di ohun kan náà lórí ìwé, tí òǹkàwé sì ń fi ọgbọ́n inú wá ìyàtọ̀ wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀rọ ló ní àbùkù, èdè ni a gé lára.

Áàpù Ìkọ́ni

Ohun tí ìtàn méjèèjì wí ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní; àpapọ̀ àmì ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè tẹ ọ kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ò kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Bí ẹni tó ṣe áàpù kò bá kọ́ ẹ̀rọ láti sọ méjèèjì di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, ẹ̀rọ yóò wí fún ọmọ tó kọ "ọ̀rọ̀" bó ti yẹ pé ó ṣìnà. Ìlànà ìsọdọ̀kan yìí wà nínú Unicode fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a kò lè ṣe. Mo sì kà á sí ọ̀rọ̀ ńlá, nítorí ọmọ tí ẹ̀rọ bá ń dá lẹ́bi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní sọ pé ẹ̀rọ ló ṣìnà. Yóò gbà pé èdè bàbá rẹ̀ ló ṣòro.

Ẹ wo afọ́jú pẹ̀lú. Láti 2009 ni iPhone ti ní ètò tí ń ka ohun tó wà lójú fóònù sétí ẹni tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì áàpù kan bá jẹ́ àwòrán lásán tí a kò fún ní orúkọ, kò sí ohun tí ètò náà yóò kà. Bí ohùn tó ń kàwé bá sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, Yorùbá tó fi àmì ohùn sí dáadáa yóò dà rú létí. Àwọn ìlànà WCAG, tí àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1999, ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ nìkan ṣe ìyàtọ̀ láàrin ohun kan àti òmíràn. Èyí tó jáde ní 2008 sì ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ lásán àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Áàpù tó bá fi àwọ̀ ewé nìkan sọ pé "ó tọ̀nà", tó sì fi pupa nìkan sọ pé "kò tọ̀nà", ti ta ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ nù.

Àwọn kan yóò wí pé owó kò tó, kí a kọ́kọ́ ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ná, kí a tó wá ro ti àwọn díẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ṣòro. Ṣùgbọ́n Haüy náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn fún un, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó kúrò níbẹ̀. Orúkọ tí a fún bọ́tìnnì nígbà tí a ń kọ́ áàpù kì í náni ní ohun púpọ̀. Èyí tí a padà wá fi sí ẹgbẹ̀rún ojú-ewé lẹ́yìn ọdún márùn-ún ló ń náni.

Ìgúnlẹ̀

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Kí àwọn tí ń ṣe áàpù Yorùbá pe akẹ́kọ̀ọ́, àgbà àti afọ́jú sídìí iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fún wọn lágbára láti sọ pé "kò dára". Kí áàpù gba ìdáhùn tí kò ní àmì ohùn lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, ṣùgbọ́n kí ó fi àmì náà hàn án, kí ó má ṣe gé e kúrò nínú èdè. Kí àwa ní ẹ̀ka èdè sì jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, nítorí wọn kò lè mọ ohun tí a kò sọ fún wọn. Ẹ̀ka tí kò bá lọ síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá tí kò lóhùn.