Bí Awakọ̀ Òfurufú Ṣe Ń Dáhùn Ìkìlọ̀ Nípa Bàálù Mìíràn

Bí bàálù méjì bá ń súnmọ́ ara wọn, òṣìṣẹ́ tó ń darí ìrìnnà òfurufú yóò kìlọ̀ fún awakọ̀ lórí rédíò. Ojú aago ni yóò fi júwe ibi tí èkejì wà: aago méjìlá ni iwájú gan-an, aago mẹ́ta ni ọwọ́ ọ̀tún, aago mẹ́sàn-án ni ọwọ́ òsì.

Awakọ̀ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí bàálù náà yóò wí pé “Traffic in sight”, ẹni tí kò bá rí i yóò wí pé “Negative contact.” Ẹni tó bá ní òun rí i ni wọ́n lè gbé iṣẹ́ àtiyẹra fún un lé lọ́wọ́. Nítorí náà, bí kò bá rí i mọ́, kíá ló gbọ́dọ̀ sọ.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1978, ní ìlú San Diego lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn awakọ̀ bàálù PSA 182 sọ pé àwọn rí Cessna kékeré kan. Nígbà tí wọn kò rí i mọ́, wọn kò sọ ọ́ ní kedere fún olùdarí. Bàálù méjèèjì forí sọ ara wọn, ènìyàn 144 sì kú, tó fi mọ́ méje tó wà lórí ilẹ̀.

Kò sí ìtìjú nínú “N kò rí i.” Abèèrè kì í ṣìnà, olùdarí lè tọ́ka ọ̀nà mìíràn fún un.