Ẹ̀rín Aṣebi: Bí Joker Ṣe Ń Yí Padà Láti Inú Ìwé dé Orí Sinimá àti Eré Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni Yorùbá máa ń wí nígbà tí láburú bá ṣẹlẹ̀, tí ẹ̀rín sì tún fẹ́ gba ẹnu ẹni. Nínú àwọn ìwé ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀dá-ìtàn kan wà tí gbólóhùn yìí bá mu láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Joker, ọ̀tá Batman. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, irun rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ètè rẹ̀ pupa, ẹ̀rín kì í sì í kúrò ní ẹnu rẹ̀, àní nígbà tí ó bá ń pànìyàn. Láti inú ìwé ni ó ti bọ́ sí orí tẹlifíṣọ̀n, sinimá àti eré orí kọ̀ǹpútà. Orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò dọ́gba. Ohun tí ìjíròrò yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ìdí tí ìwà náà fi ń yí padà, àti ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: ǹjẹ́ wọ́n bí aṣebi mọ́ ìwà ibi ni, àbí ayé ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Inú ìwé Batman àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1940, ni Joker ti kọ́kọ́ farahàn. Àwọn mẹ́ta ni a máa ń dárúkọ pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀: Bob Kane, Bill Finger àti Jerry Robinson, ẹnu wọn kò sì kò lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kàn án. Àwòrán òṣèré ọmọ Jámánì kan, Conrad Veidt, wà lára ohun tí wọ́n wò ya ojú rẹ̀. Nínú fíìmù The Man Who Laughs ti 1928, tí a gbé ka ìtàn tí Victor Hugo kọ, Veidt ṣe ọkùnrin kan tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ sí ipò ẹ̀rín láti kékeré. Ó yẹ kí á kíyè sí èyí dáadáa. Ẹni tí ojú rẹ̀ di ojú Joker kì í ṣe aṣebi. Ẹni tí a ṣe níbi ni. Àwọn òǹyàwòrán mú ojú rẹ̀, wọ́n fi ìyà rẹ̀ sílẹ̀. Joker ti 1940 kò ní ìtàn ìgbà èwe, kò sì ní orúkọ àbísọ. Ohun tí a kàn rí ni pé ó ń fi májèlé pa ènìyàn, tí òkú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tilẹ̀ ti pinnu láti pa á nínú ìwé àkọ́kọ́ náà, ṣùgbọ́n olóòtú ìwé, Whitney Ellsworth, ní kí wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí ni ó kọ́kọ́ yí ìwà náà padà. Ní 1954, oníṣègùn ọpọlọ kan, Fredric Wertham, kọ ìwé tí ó fi sọ pé àwọn ìwé aláwòrán ń ba àwọn ọmọdé jẹ́. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dá sí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ilé ìtẹ̀wé sì tètè ṣe òfin fún ara wọn. Bí Joker ṣe di aláwàdà nìyẹn. Joker aláwàdà yìí ni Cesar Romero ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1966 sí 1968. Romero kọ̀ láti fá irunmú rẹ̀, wọ́n sì kun ẹfun lé e lórí; ẹni tí ojú rẹ̀ bá ríran dáadáa yóò rí i lábẹ́ àtíkè. Nínú eré kan ní 1967, Joker bá Batman díje nínú eré gígun ìgbì òkun. Kò sí ọmọ tí irú aṣebi bẹ́ẹ̀ lè lé oorun lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn 1973, nígbà tí Denny O'Neil àti Neal Adams dá ìpànìyàn padà sí ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ọdún 1988 ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, nítorí ohun méjì. Èkínní ni ìwé The Killing Joke tí Alan Moore kọ, tí Brian Bolland sì ya àwòrán rẹ̀. Níbẹ̀ ni Joker ti di aláwàdà tí ọjà rẹ̀ kò tà, tí ìyàwó rẹ̀ kú tòun toyún. Ó gbà pé ọjọ́ burúkú kan ṣoṣo tó láti sọ ẹnikẹ́ni di wèrè, ó sì dán an wò lára ọ̀gá ọlọ́pàá, Gordon. Ojú Gordon rí màbo, ṣùgbọ́n kò di wèrè, kò sì di aṣebi. Èkejì ni pé wọ́n ní kí àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá kí Robin, ọmọ tí ó ń bá Batman ṣiṣẹ́, kú lọ́wọ́ Joker tàbí kí ó yè. Ìbò 5,343 ní kí ó kú. 5,271 ní kí ó yè. Ìbò 72 ni ó pa á. Láti ọjọ́ náà, kò ṣeé sọ mọ́ pé òǹkàwé kàn ń wòran ni.

Nínú sinimá, ìbéèrè nípa orísun ibi ni ó ya àwọn òṣèré sọ́tọ̀ sí ara wọn. Ní 1989, Jack Nicholson ṣe ọmọ ìta kan, Jack Napier, tí ó ti ń pànìyàn kí ó tó já sínú kẹ́míkà. Kẹ́míkà yí àwọ̀ rẹ̀ padà; kò yí ọkàn rẹ̀ padà. Ní 2008, Heath Ledger ṣe Joker tí kò ní orísun rárá nínú The Dark Knight. Ó sọ ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa àpá ẹnu rẹ̀. A kò sì lè gba èyíkéyìí gbọ́. Ó fi àdó olóró sínú ọkọ̀ ojú omi méjì, ó sì fún àwọn èrò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n lè fi pa àwọn tí ó wà nínú èkejì. Nínú ọkọ̀ kan, wọ́n dìbò, àwọn tí ó fẹ́ pànìyàn sì pọ̀ jù. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tí ó bá rántí ìbò 1988 yóò mọ bí ìdáhùn yìí ti wúwo tó.

Ní 2019, Joaquin Phoenix gba ọ̀nà mìíràn. Arthur Fleck tí ó ṣe jẹ́ aláìsàn tí ẹ̀rín máa ń bú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé inú rẹ̀ dùn. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Ìjọba gé owó ìtọ́jú rẹ̀, àwọn ènìyàn lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pànìyàn. Ìyà tí wọ́n yọ sílẹ̀ lára Veidt ní 1940 ti padà dé. Ledger gba ẹ̀bùn Oscar lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 2009. Phoenix gba tirẹ̀ ní 2020. Ọ̀kan kò ní ìdí, èkejì ní ìdí rẹpẹtẹ. Àwọn òǹwòran gba àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rù pé àánú Arthur yóò sọ apànìyàn di akọni. Nínú fíìmù tí ó tẹ̀lé e ní 2024, Arthur fúnra rẹ̀ sọ nílé ẹjọ́ pé kò sí Joker kankan, òun nìkan ni.

Ti eré orí kọ̀ǹpútà yàtọ̀, nítorí ẹni tí ó ń ṣe eré ni Batman fúnra rẹ̀. Mark Hamill, tí ó ti ń fọ ohùn Joker nínú eré tẹlifíṣọ̀n alávòrán yíyà láti 1992, fọ̀ ọ́ nínú Arkham Asylum ní 2009 àti Arkham City ní 2011, níbi tí Joker ti kú. Ní 2015, nínú Arkham Knight, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ohùn inú ọpọlọ Batman. Ẹni tí ó ń ṣe eré ń gbọ́ ọ ní etí bí ẹni pé èrò ara rẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù tí ó ga jù fún Joker níbẹ̀ kì í ṣe ikú bí kò ṣe kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Ní àkótán, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ti lágbára. Tẹlifíṣọ̀n ìdílé sọ ibi di àwàdà. Sinimá wádìí orísun rẹ̀. Eré kọ̀ǹpútà gbé e wọ inú ẹni tí ó ń ṣeré. Olùkọ́ tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá fẹ́ràn Joker kò gbọdọ̀ kàn bú ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó fà yọ ni pé ìdí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí àwíjàre. Ó dára kí á mọ ohun tí ó sọ Arthur di apànìyàn, nítorí àwùjọ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò bí òmíràn. Ṣùgbọ́n Gordon náà rí ọjọ́ burúkú tirẹ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni.