Láti Àjàṣẹ́ dé Róòmù: Àwọn Ẹlẹ́sìn Tí Ẹkùn Wa Bí

Bí o bá gba Igolo wọ Benin láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí o sì yà sí apá Ko-Koumolou, ní ilẹ̀ Ifangni, aṣọ funfun ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ rí. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn sémíjàn, sùtánà wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, àbẹ́là wà nínú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ra kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò, obìnrin náà sì ń yọ àbẹ́là rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan bóyá èyíkéyìí ti ṣẹ́. Bó o bá bi í pé ibo ló ń lọ, á ní Sẹ̀lẹ̀ ni.

Òyìnbó kọ́ ló gbé Sẹ̀lẹ̀ wá fún wa. Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí níbí, èyí tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì Láti Ọ̀run Wá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sẹ̀lẹ̀, sílẹ̀ ní 1947. Ìjọ náà ti wà ní Èkó, ní Paris, ní London àti ní Amẹ́ríkà. Káfíńtà ló sì dá a sílẹ̀.

Samuel Bílẹ̀wù Joseph Oshoffa ni orúkọ káfíńtà náà. Wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́ ní 1909. Ará Imẹ́kọ, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ìyá rẹ̀, Alákè Ìyáfọ̀. Ẹ fi etí sí Bílẹ̀wù yẹn dáadáa: bí ilé ayé bá wù ọ́, dúró. Orúkọ ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ ni. Joseph Ọ̀jọ́, bàbá rẹ̀, ti sin ọmọ kí èyí tó dé, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọkùnrin kan bá dúró fún òun, Ọlọ́run ni yóò ni ín. Ó fà á lé àwọn Mẹ́tọ́díìsì lọ́wọ́ láti kékeré. Ọmọ náà kò di pásítọ̀ o. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́, nígbà tó sì yá ó gbé òwò igi mọ́ ọn: ó ń wọ igbó lọ ra ẹ́bónì, igi dúdú líle yẹn, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o bọ̀.

Inú igbó yẹn ni ìtàn ti yí padà. Ìjọ sọ pé ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1947, ọ̀sán dòru lé e lórí, oòrùn wọ òkùnkùn, ó sì gbọ́ ohùn. Àwọn tó ń ka ìràwọ̀ sọ pé ọjọ́ 20 oṣù náà ni oòrùn ṣókùnkùn lórí ilẹ̀ Dahomey, ìyẹn Benin àtijọ́, àti Nàìjíríà. Èmi ò rí ìdí tí ọjọ́ mẹ́ta fi yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí òru bá nínú igbó lọ́sàn-án gangan kì í wo kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní atukọ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ nítorí inú rírun, ó gbàdúrà fún un, ara rẹ̀ sì yá. Wọ́n ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi wà nínú igbó, tó ń lá oyin, tó ń mu omi. Nígbà tó padà sílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti kú, wọ́n ní àdúrà rẹ̀ ló jí i. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947 ni ìjọ ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kódà orúkọ ìjọ náà, ojú ìran ni wọ́n ní ó ti wá, láti ẹnu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexander Yanga.

Èyí tó bá wù ẹ́ nínú ìṣẹ́ ìyanu ni kó o gbà. Ohun tí kò ṣe é jiyàn ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó, bí o bá ní ìyàwó mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà lo máa jókòó sí. Oshoffa kò lé oníyàwó púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò dúró lórí ẹyọ kan. Bí o bá ń bẹ̀rù àjẹ́, fadá á ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wòlíì Sẹ̀lẹ̀ á ní ó wà, ẹ jẹ́ ká tan àbẹ́là, ká gbé omi, ká gbàdúrà sí i. Èdè Ègùn àti Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, ẹni tí kò mọ ìwé náà lè di wòlíì. Òfin sì wà tí kò gba gbẹ̀rẹ́: kò sí ọtí, kò sí tábà, kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í wọ aṣọ dúdú tàbí pupa, wọn kì í sì wọ bàtà sí sùtánà. Ẹni tó rí wọn lọ́nà mọ̀ wọ́n láì bi wọ́n.

Orí omi ni ìjọ náà gbà dé Nàìjíríà. Àwọn Ègùn apẹja tó ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó gbé e dé Màkókò ní nǹkan bí 1950, Oshoffa sì tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ Nàìjíríà ló ti wá gbilẹ̀ jù, débi pé ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí nǹkan le fún ẹlẹ́sìn lábẹ́ ìjọba ológun ní Benin, wòlíì náà kó lọ sọ́hùn-ún pátápátá. Èkó ló kú sí ní oṣù Kẹsàn-án 1985, ìlú ìyá rẹ̀, Imẹ́kọ, ni wọ́n sì sin ín sí. Alexander Abíọ́dún Bádà ló jókòó sípò lẹ́yìn rẹ̀, títí òun náà fi kú ní 2000. Láti ìgbà náà ni awuyewuye oyè ti fọ́ ilé: olórí tí Àjàṣẹ́ ń tẹ̀ lé kọ́ ni Nàìjíríà ń tẹ̀ lé. Bí Kérésì bá dé, àwọn kan á forí lé Imẹ́kọ, àwọn mìíràn á gba etíkun Sèmè lọ. Mo mọ ilé tí ọkọ ń lọ síhìn-ín, tí ìyàwó ń lọ sọ́hùn-ún, wọ́n á sì jọ jẹ ìrẹsì ní ọjọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Oshoffa ló kọ́kọ́ mú orúkọ Jésù gba ẹkùn yìí. Thomas Birch Freeman, Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba Àgbádárìgì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1842, ó sì lọ sọ́dọ̀ Ọba Gezo ti Dahomey ní 1843. Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní oṣù Kẹrin 1861. Ní 1864 àwọn fadá rẹ̀ ti dé Àjàṣẹ́. Àwọn Àgùdà, ọmọ ẹrú tó ti Bràsíìlì padà wá, ti ń ṣe ìsìn Kátólíkì tiwọn kí fadá kankan tó dé. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe Kátólíkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní. Mùsùlùmí wà nínú àwọn Àgùdà náà pẹ̀lú: ẹ lọ wo mọ́sálásí ńlá àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bràsíìlì ni wọ́n fi kọ́ ọ, aláìmọ̀kan á wọ̀ ọ́ kó máa wá àgbélébùú.

Àmọ́ kí ọmọ ilẹ̀ tó di fadá pẹ́ gan-an. Odindi ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ló wà láàárín Borghero àti Thomas Mouléro. Ọmọ Kétu ni Mouléro, Nàgó pọ́ńbélé. Ogun Dahomey tú ìlú náà ká ní 1886, kò sì pẹ́ tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi fa ìlà 1889 kọjá lórí ilẹ̀ náà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Imẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1928 ni wọ́n fi òróró yàn án, òun ni fadá àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Dahomey bí.

Èmi, ohun tó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún Mouléro kì í ṣe ipò àkọ́kọ́ yẹn. Ó kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Fadá Francis Aupiais, òyìnbó Faransé tó wà ní Àjàṣẹ́, dá ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ La Reconnaissance Africaine sílẹ̀ ní 1925, ó sì ní kí àwọn ọmọ ilẹ̀ máa kọ àṣà wọn síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ń ní kí wọ́n dáná sun ère, Mouléro ń jókòó ti àwọn àgbà Kétu, ó ń gbọ́ orúkọ ọba, ó ń kọ ọ́. Ó kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan náà ni UNESCO wá kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Fadá Kátólíkì tó ń kọ̀wé lórí eégún àwọn ìyá wa! Ẹ wo àkókò tó ṣe é.

Bernardin Gantin lọ jìnnà ju gbogbo wọn lọ. Toffo ni wọ́n bí i sí ní 1922. Ní èdè Fọn, gan ni irin, tin ni igi, nítorí náà igi irin ni orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ràn láti túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kútọnu ní 1960, ọdún òmìnira. Ní 1971 Póòpù Paul Kẹfà pè é lọ sí Róòmù. Ní oṣù Kẹfà 1977 wọ́n fi í jẹ kádínà pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn péré, ọ̀kan nínú wọn sì ni Joseph Ratzinger, ará Jámánì. Láti 1984 sí 1998, ọ́fíìsì Gantin ni orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní apá tó pọ̀ jù nínú ayé Kátólíkì ń gbà kọjá kó tó dé iwájú Póòpù. Ní 1993 ó di olórí ẹgbẹ́ àwọn kádínà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa: ní 2002, ó ní ó tó, ó gbé ipò sílẹ̀, ó sì padà wá sílé. Ratzinger ló gba ipò náà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún. Gantin kú ní 2008. Ní oṣù Kọkànlá 2011, Póòpù náà wá sí Ouidah, ó sì gbàdúrà níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá bi ará Filipíìnì nípa ẹlẹ́sìn tó yí ìlú padà, Kádínà Jaime Sin ni yóò dárúkọ: ní oṣù Kejì 1986, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Manila, àwọn èèyàn tú síta, Ààrẹ Marcos sì sá. Tiwa ni Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni, oṣù Kejì kan náà. Mathieu Kérékou ti ń ṣèjọba láti 1972, ó ti gba ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ, ó ti sọ Benin di ìlú Marx àti Lenin. Nígbà tó di 1989 kò sí owó mọ́. Báńkì ṣófo, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe oṣù mélòó kan láìgbowó, àwọn bíṣọ́ọ̀bù sì kọ lẹ́tà sí gbogbo ìlú ní àkókò Lẹ́ńtì pé kí Benin yí padà kó lè yè. Ìjọba pe ìpàdé gbogbogbò. Nǹkan bí 500 èèyàn ló péjọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì 1990: sọ́jà, ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹlẹ́sìn, àwọn ààrẹ àná. De Souza ni wọ́n ní kó di alága.

Kò sí agbára kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju máíkì lọ. Bí àwọn kan bá gbóná, á ní kí wọ́n dúró. Bí sọ́jà bá fẹ́ bínú jáde, á bá wọn sọ̀rọ̀. Ìpàdé náà ní àṣẹ òun ló ga jù, Kérékou sì gbà. Ní 1991 ó díje, Nicéphore Soglo na án, ó sì gbé ìjọba sílẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀. De Souza di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kútọnu, ó kú ní 1999 ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. 

Àwọn ìlú mìíràn wo Benin kọ́ ọ: ní Gabon, ní Kóńgò méjèèjì, bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ṣe alága. Ní Tógò, bíṣọ́ọ̀bù Philippe Kpodzro ló jókòó síbẹ̀ ní 1991, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, sọ́jà ti yìnbọn lé olórí ìjọba tí ìpàdé yàn. Kpodzro kú ní ìgbèkùn ní Sweden ní 2024. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sùtánà ló ṣe é ní Kútọnu. Èmi gbà pé Kérékou tó gbà láti tẹríba ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Àwọn onísẹ̀ṣe náà jèrè ìpàdé Kútọnu yẹn. Lábẹ́ Soglo ni wọ́n tún yọjú sí gbangba; Póòpù John Paul Kejì bá àwọn olórí wọn jókòó ní 1993, wọ́n sì ti ní ìsinmi ìjọba tiwọn nínú oṣù Kìíní.

Mouléro ni mo fẹ́ fi bẹ ẹ̀yin ará Ko-Koumolou, Banigbé, Daagbé àti gbogbo Ifangni. Baba tó kọ́kọ́ gbé àgbélébùú wọ abúlé yín, ìyá tó kọ́kọ́ da sùtánà sọ́rùn, lèmọ́mù tó kọ́kọ́ pe ìrun, àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè, ọjọ́ orí wọn kò sì kéré mọ́. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn ní èdè tí wọ́n ń sọ, kí ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i.