Ìrìn-àjò ìgbafẹ́ sí àwọn erékùṣù etíkun Èkó

Ìrìn-àjò ìgbafẹ́ sí àwọn erékùṣù etíkun Èkó jẹ́ irú ìrìn-àjò afẹ́ ọlọ́jọ́ kan tí àwọn ará Èkó àti àlejò máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun tí ó wà ní òdìkejì ọ̀sà, tí wọ́n á lo ọ̀sán níbẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ibi tí a mọ̀ jù fún un ni Tarkwa Bay, Lighthouse Beach, Ìlàṣẹ àti, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú ní Àgbádárìgì. Àwọn mẹ̀kúnnù tí ń wọ ọkọ̀ akérò àti àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń háyà ọkọ̀ àti ilé etíkun fún odidi ọjọ́ kan ni ó jọ ń lọ síbẹ̀. Ohun kan tí ó ya ìgbafẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí ti àwọn erékùṣù olóoru mìíràn lágbàáyé ni pé omi ibẹ̀ kò mọ́ gaara tó fún wíwo ẹja àti òkúta abẹ́ òkun.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí

Etíkun Èkó kì í ṣe ọ̀wọ́ erékùṣù tí ó fọ́n ká sí àárín òkun bí ti Maldives tàbí Cape Verde. Ìlà iyanrìn gígùn, tóóró ni, tí Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, tí ọ̀sà àti odò tóóró sì wà ní àríwá rẹ̀. Omi tí ó là á láàárín ni ó sọ apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ di erékùṣù, òun náà ni kò sì jẹ́ kí mọ́tò dé ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Tarkwa Bay wà ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó. Ìyàwọ̀ omi kékeré ni, tí ògiri òkúta dáàbò bò, nítorí náà ìgbì ibẹ̀ rọlẹ̀ ju ti ojú òkun gbangba lọ, ó sì yẹ fún ọmọdé àti ẹni tí ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lighthouse Beach wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọjú sí òkun tààrà. Ìlàṣẹ jìnnà díẹ̀ sí i ní ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé etíkun aládàáni wà, láàárín igi àgbọn, tí ọ̀sà wà lẹ́yìn wọn, tí òkun sì wà níwájú.

Ìtàn

Kí ọdún 1908 tó dé, iyanrìn tí ó dí ẹnu Ọ̀sà Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọlé. Forcados ni wọ́n ti ń já èrò àti ẹrù, kí ọkọ̀ kéékèèké tó gbé wọn dé Èkó. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ògiri òkúta wọnú òkun ní ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀sà náà, kí omi tí ń ṣàn jáde lè máa gbá iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún èbúté, ṣùgbọ́n ó yí etíkun padà. Ní etíkun Èkó, omi òkun máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dá a dúró, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ sì ni Lighthouse Beach ti fẹ̀ sí i. Ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò rí iyanrìn gbà mọ́. Òkun sì jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé ju kìlómítà kan lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ èbúté yìí kan náà ni ó dá Tarkwa Bay sílẹ̀, nítorí náà ìyàwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bar Beach ni gbajúmọ̀ ibi ìgbafẹ́ etíkun ní Èkó, nítorí pé mọ́tò ń dé ibẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, omi òkun ya wọ etíkun Kuramo tí kò jìnnà síbẹ̀, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ lé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí fún ìlú tuntun Eko Atlantic ti gba ipò Bar Beach báyìí, ògiri tí wọ́n sì pète láti fi dá òkun dúró níbẹ̀ gùn tó kìlómítà 8.5. Bí etíkun tí mọ́tò ń dé ṣe ń dín kù láàárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì ń pọ̀ sí i.

Ọ̀nà láti Èjìgbò

Èjìgbò tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, tí ó yàtọ̀ sí Èjìgbò ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ àpẹẹrẹ àdúgbò orí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń lọ sí etíkun láì ní èbúté tiwọn. Ẹni tí ó bá gbéra láti ibẹ̀ máa ń gba Ìsọlọ̀ àti Cele dé Mile 2. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Màrínà, ìrìn kìlómítà 13 tí ó gba Sùúrù-Alábà, Orílé Ìgànmú àti National Theatre kọjá. Èbúté CMS kò jìnnà sí ìdíkọ̀ Màrínà. Àwọn èbúté mìíràn tí ọkọ̀ ti ń lọ sí Tarkwa Bay ni Mekwe ní Victoria Island àti Tarzan ní ìhà Màrókò. Tarzan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ sí Ìlàṣẹ máa ń lò.

Ohun mìíràn tún so Èjìgbò mọ́ àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Atlas Cove, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já epo bẹntiróòlù, wà ní tòsí Tarkwa Bay. Láti ibẹ̀ ni páìpù abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ omi ti ń gbé epo lọ sí Mosimi ní ìhà Ṣágámù, láti Mosimi ni òmíràn sì ti gbé e wá sí àgọ́ epo Èjìgbò. Páìpù yìí ti mú ewu bá àwọn ará ìlú náà àti àwọn ará etíkun, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ náà

Oríṣi ìrìn méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti ọkọ̀ akérò: èrò á dúró ní èbúté títí ọkọ̀ yóò fi kún, á san owó ọkọ̀, á sì tún san owó ìwọlé àti owó àga tàbí àgọ́ ní etíkun. Èkejì ni ti àwọn tí ó háyà ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ wọn nìkan. Àwọn wọ̀nyí a máa gba ilé etíkun pẹ̀lú, wọ́n a máa gbé alásè, amóhùn-máwòrán àti ohun mímu dání, ọkọ̀ wọn á sì dúró dè wọ́n. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni lílúwẹ̀ẹ́, gígun ẹṣin, bọ́ọ̀lù orí iyanrìn, jíjẹ ẹja sísun àti rírìn létí òkun. Ní Tarkwa Bay, àwọn ọ̀dọ́ tí a bí síbẹ̀ ti sọ fífi pákó gun ìgbì di eré ìdárayá gidi, wọ́n sì ń kọ́ àlejò.

Ní Àgbádárìgì, ìrìn náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Ọkọ̀ ń gbé èrò sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n gbà mú àwọn ẹrú lọ sí etí òkun, ibi tí a ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀.

Àkókò tí ó dára jù ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbì a máa ga, òjò a sì máa bo ojú ọ̀nà omi.

Wíwo abẹ́ omi

Snorkelling ni eré tí ènìyàn fi awò bo ojú, tí ó sì fi ọ̀pá kan sẹ́nu láti máa mí, kí ó lè léfòó lórí omi kí ó sì máa wo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Ó gba omi tí ó mọ́, tí ó dákẹ́, tí ó sì ní ohun wíwò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣọ̀wọ́n ní etíkun Èkó. Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń gbé ẹrẹ̀ wá sínú ọ̀sà, omi ọ̀sà sì ń tú u sínú òkun. Ìgbì tí ń fọ́ sí etíkun kò jẹ́ kí iyanrìn rọlẹ̀. Iyùn abẹ́ òkun tí ń kọ́ ilé fún ẹja kò sì gbèrú ní etíkun ilẹ̀ ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí ẹrẹ̀, omi odò tí ó dín iyọ̀ kù, àti omi tútù tí ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní ìgbà kan lọ́dún. Ìdọ̀tí ìlú àti epo ọkọ̀ òkun tún dá kún un.

Ẹni tí ó bá fẹ́ eré yìí láì kúrò ní agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà yóò rí i ní São Tomé àti Príncipe, àwọn erékùṣù òkè ayọnáyèéfín ní Ọ̀wọ́ Omi Guinea. UNESCO ka Príncipe mọ́ àwọn ibi ààbò ohun ẹlẹ́mìí ní 2012, ìjàpá òkun sì ń yé ẹyin sí etíkun rẹ̀. Cape Verde, tí ó ní erékùṣù 10, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Nítorí náà, ìlànà ìrìn fàlàlà ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní láti wọ ibẹ̀ láì gba físà fún 90 ọjọ́.

Ewu àti ààbò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ewu méjì ni ó tóbi jù. Àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀: àpọ̀jù èrò, ìrìn òru, àti àìwọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà tí a mọ̀ sí life jacket. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ kan tí ó gbéra ní Mile 2 lọ sí ìhà Ìbẹ̀ṣẹ́ ní àṣálẹ́ dojú dé, ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ sì kú. Àjọ ìpínlẹ̀ tí ń rí sí ojú omi, LASWA, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, àti àjọ ìjọba àpapọ̀, NIWA, tí a dá sílẹ̀ ní 1997, fi dandan lé ẹ̀wù yìí fún gbogbo èrò. Àwọn ìjọba méjèèjì ti bá ara wọn ṣe ẹjọ́ lórí ẹni tí ó láṣẹ lórí omi Èkó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá NIWA láre.

Èkejì ni ti òkun fúnra rẹ̀. Ní etíkun tí ó kọjú sí òkun gbangba, omi tí ìgbì kó wá a máa wá ojú ọ̀nà kan láti padà, á sì fa ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ lọ sí àárín òkun. Bí ènìyàn bá bá a jà láti padà tààrà, agbára rẹ̀ á tán. Ohun tí a ń kọ́ni ni pé kí ó lúwẹ̀ẹ́ ní ìbú, ní gbọọrọ etíkun, títí yóò fi bọ́ nínú ìṣàn náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Àwọn olùgbé àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Àwọn apẹja àti ìdílé wọn ti ń gbé àwọn erékùṣù wọ̀nyí kí ìgbafẹ́ tó gbilẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń wa ọkọ̀, tí wọ́n ń sun ẹja, tí wọ́n sì ń yọ ẹni tí omi gbé. Páìpù epo ni ó kọ́kọ́ kó ìdààmú bá wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, páìpù kan tí wọ́n ti lu bú gbàù ní Ìládò, iná náà sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay. Ohun tí àwọn ológun sọ ni pé àwọn olè epo ń fi àwọn ilé ibẹ̀ bojú láti lu páìpù. Àwọn olùgbé ní tiwọn sọ pé àkókò tí wọ́n fún wọn láti kó ẹrù kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, àti pé a fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ jẹ gbogbo ìlú níyà. Ilé wíwó, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé àti òwò etíkun bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Àwọn tí ń gun ìgbì àti àwọn oníṣòwò kan padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà, àlejò sì tún ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni etíkun kò tíì parí. Bí ilé aládàáni ṣe ń pọ̀ sí i ní Ìlàṣẹ àti àyíká rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí apẹja lè gúnlẹ̀ sí, tí mẹ̀kúnnù sì lè gbafẹ́ sí, ń dín kù. Òkun náà kò dẹ́kun jíjẹ ilẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì kọ́ sí apá kan etíkun ni yóò pinnu iye iyanrìn tí yóò kù fún apá kejì.