Bùkù àti Bùkún: Orísun àti Ìlò Ọ̀rọ̀ náà 'Àbùkù'

Bí ẹnì kan bá pe ọmọlàkejì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀, èébú ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ogún ọdún bá jókòó sórí àga, tí àgbà wọlé bá a, tí kò dìde, tí ó sì ní, 'Ṣé o ti jẹun?', kò sí èébú kankan nínú gbólóhùn náà. Síbẹ̀, àgbà náà yóò sọ pé, 'Ọmọ yìí fi àbùkù kàn mí.' Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbójú fò.

Orísun ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Bù olóhùn ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí à ń lò bí a bá bu omi nínú àmù. Kò bá bú olóhùn òkè, tí ó bí èébú, tan rárá. Bùkù jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, irú èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣàlàyé nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1978: àbọ̀ ni í là á sí méjì, bí i 'wọ́n bu bàbá náà kù'. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni ó sọ ọ́ di àbùkù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí bù yìí díẹ̀, ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ wo ìyá onígàrí. Ó bu gàrí sínú kóńgò, ó fi ọwọ́ gbá a jọ títí orí rẹ̀ fi ṣe ṣónṣó, ó tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: èènì nìyẹn. Ó bù sí i, ó bù kún un. Níbẹ̀ ni ìbùkún ti wá. Ìyá kejì fi ọwọ́ gbá orí kóńgò náà dànù, oníbàárà sì figbe ta: 'Ẹ má bù ú kù!' Ẹlẹ́mu ẹ̀wẹ̀ bu omi la ẹmu, ó di àbùlà. Bù kan náà ni gbogbo wọn. Lójú tèmi, ohun tí ó ní òṣùwọ̀n ni Yorùbá ka iyì ènìyàn sí. Ẹni tí ó bú ni sọ ọ̀rọ̀ burúkú lu ni; ẹni tí ó bu ni kù yọ nínú ohun tí ó tọ́ sí ni, ó sì lè ṣe é láìlanu.

Ìlò rẹ̀ lára ohun tí a lè fojú rí náà wà: nínú Ẹ́kísódù orí 12, aláìlábùkù ni ọ̀dọ́-àgùntàn Àjọ Ìrékọjá gbọ́dọ̀ jẹ́. Fún ẹran, ó bá a mu. Fún ènìyàn, ó dùn mí pé a ṣì ń gbọ́ 'alábùkù ara', nígbà tí àkàndá ẹ̀dá wà nílẹ̀. Ẹni tí a pè ní àkàndá, a ní a dá a lọ́tọ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó bu nǹkan kan lára rẹ̀.