Ta ló ni dáàmù, ta ló ń darí ẹ̀?

Ní Lálúpọn, tí ọ̀rọ̀ iná bá ti bẹ̀rẹ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ pé: “Kí ló dé tí káńsù wa ò gba dáàmù Aṣéjìrẹ́, kó fi fún wa ní iná?” Mo ti gbọ́ ọ títí, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Aṣéjìrẹ́ kì í ṣe dáàmù iná. Omi ẹ̀rọ Ìbàdàn ni wọ́n torí ẹ̀ sé Odò Ọ̀ṣun níbẹ̀. Èyí tí iná wà nínú ètò ẹ̀ ni Ìkèrè Gorge lápá Ìsẹ́yìn, lórí Odò Ògùn.

Ọwọ́ ta ló wà? Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ àjọ Ogun-Oshun River Basin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tí oríkò ẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ìwé òfin 1999 fi omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sábẹ́ Abuja. Ìdí wà fún un: tí wọ́n bá ṣí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, omi lè ya wọ ilé àwọn ará Ìṣẹ́rì.

Àmọ́ ẹni tó ni ín lè má jẹ́ ẹni tó ń darí ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù Kainji, síbẹ̀ láti 2013, iléeṣẹ́ aládàáni Mainstream ló ń fi ṣe iná.

Ìpínlẹ̀ ńkọ́? Òfin iná mànàmáná 2023 gbà wọ́n láyè láti ṣòfin tiwọn, kí wọ́n sì fúnni ní láìsẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n láìsẹ́ǹsì iná kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ omi. Tí Ọ̀yọ́ bá fẹ́ iná Ìkèrè, àfi kó bá Abuja jókòó.

Ká wá sórí káńsù. Ìwé òfin fún wọn ní ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, kódà iná òpópónà. Kò fún wọn ní dáàmù. Ẹjọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù dá ní July 2024, owó káńsù ló dá lé, kò kan dáàmù. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ lomi bò.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: 1983 ni wọ́n ṣí Ọ̀yán, pẹ̀lú ẹ̀rọ iná 3, megawatt 9 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà níbẹ̀ láìtan iná sílé ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ń du ọ̀gá níbẹ̀ mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́, iná ò kàn wá.

Torí náà, tí olóṣèlú kan bá ṣèlérí iná dáàmù fún yín, ẹ bi í ní mẹ́ta: Ṣé ẹ ti bá àjọ odò tọwọ́ bọ̀wé? Ta ló máa ra iná náà? Ta ló máa fa wáyà dé ọ̀dọ̀ wa? Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ padà sídìí jẹnẹrétọ̀ yín.